Ọkọ̀ onígbòkun láti St Vincent dé Grenada: ọjọ́ 7, erékùṣù 10, ṣé ó ṣeé ṣe?

Ìyá Ìbejì Leeds:
Ẹ káàsán o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọkọ mi máa pé 50 lóṣù kejì ọdún tó ń bọ̀, àtìgbà tí mo sì ti fẹ́ ẹ ló ti ń sọ pé òun fẹ́ fi ọkọ̀ onígbòkun rin àwọn erékùṣù Grenadines ní Caribbean, kì í ṣe ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sí tí gbogbo yín á jọ tò láàárọ̀ torí ẹyin díndín. Ó ní ìwé ẹ̀rí Day Skipper, ìyẹn ìwé ẹ̀rí atukọ̀ ti UK, àbúrò ẹ̀ náà mọ ọkọ̀ tù díẹ̀. Tọkọtaya mẹ́ta la jẹ́, àwa mẹ́fà, a ò kó ọmọ dání, màámi á wá dúró tì wọ́n. Ọjọ́ 7 la ní lórí omi. Mo ti kọ ibi tí a fẹ́ dé sílẹ̀: St Vincent, Bequia, Mustique, Canouan, Mayreau, Tobago Cays, Union, Petit St Vincent, Carriacou, Grenada, ká wá padà sí St Vincent lọ dá ọkọ̀ padà. Ṣé ó ṣeé ṣe? Kí ni kí n kó dání? Èmi fúnra mi ò wọ ọkọ̀ onígbòkun rí o, ferry tó ń lọ Dublin nìkan ni mo wọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo sì bì láti Holyhead dé ọ̀hún.

Atukọ̀ Hackney:
Ìyá Ìbejì ẹ kú ètò. Ẹ má bínú o, àmọ́ ohun tí ẹ kọ yẹn, ti ẹni tó fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì ni, kì í ṣe ti ẹni tí atẹ́gùn máa gbé lọ. Mo ti rin ọ̀nà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn erékùṣù yẹn tò láti àríwá lọ sí gúúsù bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, St Vincent lókè, Grenada nísàlẹ̀, àwọn kéékèèké láàárín. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ níbẹ̀ lóṣù kejì, láti ìlà oòrùn ló ti ń wá lójoojúmọ́, nígbà míì ó máa ń yà díẹ̀ láti àríwá, kì í sì í ṣe atẹ́gùn eré, nọ́ọ̀tì (ìyẹn máìlì òkun láàárín wákàtí kan) 15 sí 25 ni. Tí ẹ bá ń lọ sí gúúsù, ẹ̀gbẹ́ ló ti máa gbá yín, ọkọ̀ á máa sáré bí ẹṣin, gbogbo èèyàn á máa ya fọ́tò. Ẹ wá yíjú padà sí àríwá ẹ wò ó. Atẹ́gùn kọjú sí yín, ìṣàn òkun náà ń ti ọkọ̀ lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ ó máa gba ọ̀tún ẹ ó máa gba òsì, omi iyọ̀ ń da sí yín lójú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a lọ, ṣe la ní ká dá ọkọ̀ padà síbi tí a ti gbà á, wákàtí 9 la fi gun omi láti Union dé Bequia, ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì, n ò sì dá a lẹ́bi.

Ọ̀nà náà fúnra ẹ̀ ò jìn. St Vincent sí Bequia, máìlì òkun 9 péré. Bequia sí Tobago Cays, nǹkan bí 25. Láti ibẹ̀ sí Union, ẹ ò ní tíì mu tíì tán ẹ ti dé. Union sí Carriacou, bíi 8. Carriacou sí St George's ní Grenada, nǹkan bí 30. Ọkọ̀ yín á máa sá bíi máìlì 6 láàárín wákàtí kan, ẹ fúnra yín ẹ ṣírò ẹ̀. Ohun tó ń jẹ ọjọ́ ni kíkó ẹrù, rírọ ìdákọ̀ró, kọ́sítọ́ọ̀mù, oúnjẹ, àti pé ẹnì kan á ṣáà sọ pé òun fẹ́ wẹ̀ díẹ̀ sí i.

So ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ gba ọkọ̀ ní St Vincent kí ẹ já a sílẹ̀ ní Grenada, wọ́n á gba owó lọ́wọ́ yín fún ẹni tó máa dá a padà, ó sì máa ń dunni, àmọ́ sísan ni kí ẹ san án. Tàbí kí ẹ má kúrò ní orílẹ̀-èdè St Vincent rárá, kí ẹ dé Tobago Cays kí ẹ padà, kí ẹ fi ọjọ́ méjì gbáko sílẹ̀ fún ìpadàbọ̀. Mustique ẹ fò ó. Erékùṣù àdáni àwọn olówó ni, wọ́n á gba owó bọ́ì (ohun tó léfòó tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́), ẹ ó jókòó síbẹ̀ ẹ ó máa wo orí ilé àwọn èèyàn.

Bàbá Káyọ̀dé:
Ẹ̀yin ará UK yìí ẹ lówó o. Èmi wọ ọkọ̀ láti CMS dé Ìkòròdú lóòjọ́, ìgbì ń bẹ, atẹ́gùn ń bẹ, kò sí ẹni tó fún mi ní ìwé ẹ̀rí Day Skipper 😂

Ìyá Ìbejì Leeds:
Bàbá Káyọ̀dé ẹ fi mí sílẹ̀ jàre 😂 Ẹ̀gbọ́n Atukọ̀, ẹ ṣeun gan-an ni, ṣé ẹ mọ̀ pé kò sí ẹnì kankan tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ pé ìpadàbọ̀ le yìí fún mi, ilé iṣẹ́ tí mò ń bá sọ̀rọ̀ kàn ní "ó dára, ó dára" sí gbogbo ohun tí mo bá kọ. Mo ti yọ Mustique. Ọ̀rọ̀ èébì mi wá ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Croydon:
Àǹtí, oògùn ẹ̀ wà, àmọ́ àṣìṣe tí gbogbo èèyàn ń ṣe ni pé ó dìgbà tí inú bá ti ń rú kí wọ́n tó lò ó. Ó ti pẹ́ jù nígbà yẹn, ikùn ò ní gbà á. Ẹ lò ó kí ọkọ̀ tó ṣí, ẹ bá onífámásì sọ̀rọ̀ ṣáájú torí àwọn kan nínú ẹ̀ máa ń múni sùn, pàápàá tí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí òmíràn. Tí ọkọ̀ bá ti ń lọ ẹ má wọnú yàrá ìsàlẹ̀ lọ wá nǹkan, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú lẹ ti gbọ́dọ̀ kó búrẹ́dì, omi, ìpara oòrùn àti jákẹ́ẹ̀tì sókè. Ẹ wo òpin òkun níbi tó ti kan ọ̀run, ẹ má wo fóònù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fún yín ní kẹ̀kẹ́ ìtukọ̀ mú, ẹni tó ń tù ú kì í sábà bì. Atalẹ̀ náà ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Omi tó wà láàárín St Vincent àti Bequia ló máa ń rú jù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sì gùn, ẹ ṣe é ní ọkàn akin.

Àti pé ẹ jọ̀ọ́, àwa adúláwọ̀, ẹ fi ìpara oòrùn pa ara, ẹ̀yìn mi bó bí ìṣu sísun ní Antigua torí mo ní "èmi dúdú". Omiiran: igi kan wà létí òkun níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní manchineel, èso ẹ̀ dà bíi ápù kékeré aláwọ̀ ewé, májèlé ni, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má jókòó sábẹ́ ẹ̀, òjò ò gbọdọ̀ pa yín sábẹ́ ẹ̀ torí omi tó ń kán láti ara ewé ẹ̀ máa ń bó awọ ara. Láwọn etíkun kan wọ́n máa ń kun ara igi náà lọ́dà pupa, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni wọ́n kùn.

Ṣeun Brum:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti díńgì. Díńgì ni ọkọ̀ kékeré onírọ́bà tí ẹ máa fi ń dé èbúté, òun ni mọ́tò yín, láìsí i ẹ ò lè ra iyọ̀. Nígbà tí àwa lọ, a jẹun alẹ́ tán létí omi, a padà dé ibi tí a so ó mọ́, okùn nìkan la bá. Okùn. Ẹnì kan ti gé e. A dúró sínú òkùnkùn bí ọmọ tí ìyá ẹ̀ gbàgbé sí ṣọ́ọ̀ṣì títí apẹja kan fi ṣàánú wa. Ilé iṣẹ́ tó fún wa lọ́kọ̀ gba gbogbo owó ìdúró wa (owó tí a fi sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn bí nǹkan bá bàjẹ́), wọ́n ní díńgì àti ẹ́ńjìnì ẹ̀, wọ́n ní wọ́n sọ fún wa pé ká fi wáyà àti kọ́kọ́rọ́ tì í. Kò sí ẹni tó sọ fún wa. Nígbà tí a wá ka ìwé tí a fọwọ́ sí, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ojú ìwé kọkànlá. Ẹ ka ìwé yẹn kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ bèèrè bóyá ìnṣọ́ránsì wà fún owó ìdúró, lálẹ́ ẹ fi okùn ẹ̀yìn ọkọ̀ gbé díńgì sókè kúrò lórí omi kí ẹ sì tì í.

Àti ọ̀rọ̀ ilé ìyàgbẹ́, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín, ẹ sọ ọ́ fún gbogbo yín lọ́jọ́ kìíní. Bébà ò gbọdọ̀ wọnú ẹ̀. Páìpù ẹ̀ tín-ín-rín, tó bá dí, ọkọ yín tó ń ṣọdún 50 ló máa kúnlẹ̀ tú u.

Atukọ̀ Hackney:
Ṣeun, pẹ̀lẹ́ o. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìdákọ̀ró torí òun ló ń ba ìsinmi jẹ́ ju ìgbì lọ. Admiralty Bay ní Bequia, ibi tó rẹwà, omi ẹ̀ rọ̀, òkè yí i ká, gbogbo èèyàn á ní "a ti dé". A ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ níwájú etíkun Princess Margaret, a ò wo ìsàlẹ̀, a lọ jẹun. Aago méjì òru, atẹ́gùn já wálẹ̀ láti orí òkè, mo gbọ́ fèrè, ará France tó wà lẹ́yìn wa ló ń fọn ọ́n pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo jáde pẹ̀lú ṣòkòtò pénpé, ìdí ọkọ̀ wa ti fẹ́ kan imú tiẹ̀. Orí koríko la ju ìdákọ̀ró sí. Koríko omi kì í di irin mú, yanrìn ló ń dì í mú. Yanrìn, ẹ ó rí i pé ó funfun tàbí pé ó dà bí àwọ̀ ojú ọ̀run, koríko dúdú. Ẹ ju ú sórí funfun, ẹ tú ẹ̀wọ̀n sílẹ̀ tó ìlọ́po 5 jíjìn omi, ẹ fi ẹ́ńjìnì fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ kó wọlẹ̀, ẹnì kan á wá wọ awò omi, á lúwẹ̀ẹ́ lọ wò ó. Ìṣẹ́jú 10 péré ni. Ẹ wá gbé áláàmù ìdákọ̀ró sórí fóònù.

Àwọn ọmọkùnrin á fi ọkọ̀ kékeré pàdé yín kí ẹ tó dé èbúté pàápàá, wọ́n á fẹ́ fún yín ní bọ́ì, tàbí ta yìnyín, búrẹ́dì, ẹja. Àwọn èèyàn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń kọ̀wé bíi pé olè ni wọ́n. Iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ẹ kí wọn, ẹ bèèrè orúkọ, ẹ dúnàá-dúrà kí ẹ tó mú okùn, tí ẹ ò bá fẹ́ ẹ sọ pé ẹ ò fẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹni tó ta ẹja fún wa lọ́dún àkọ́kọ́ rántí orúkọ mi lọ́dún kẹta. Kìkì pé bọ́ì tí ẹ ò mọ ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀, ẹ wo ẹ̀wọ̀n ẹ̀ lábẹ́ omi kí ẹ tó fi ẹ̀mí mẹ́fà dè é.

Àti pé ẹ dé ibi tí ẹ ń lọ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, pàápàá Tobago Cays. Àárín òkúta iyùn lẹ máa gbà wọlé, ojú lẹ fi máa rí i, oòrùn gbọ́dọ̀ wà lókè lẹ́yìn yín kí àwọ̀ omi tó yàtọ̀ síra. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ilẹ̀ ti ṣú níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ gígùn bíi ti Leeds.

Adé Ọkọ̀ Oníbejì:
Kò sí ẹni tó tíì sọ irú ọkọ̀. Ẹ gba kátámaràn, ìyẹn alábẹ́ méjì, kì í tẹ̀, ife yín á dúró lórí tábìlì, tọkọtaya mẹ́ta á ní yàrá tiwọn láìgbọ́ ìhanrun ara wọn. Owó ẹ̀ wọ́n lóòótọ́ àmọ́ ẹ máa pín in sí mẹ́fà.

Atukọ̀ Hackney:
Adé, ọkọ̀ alábẹ́ kan ni ọkọ̀. Tìrẹ, pálọ̀ tó léfòó ni. (Àmọ́ fún Ìyá Ìbejì tó bì lórí ferry, mo gbà, kó gba pálọ̀.)

Ìyàwó Ará Carriacou:
Ẹ kúulé o. Ọmọ Carriacou ni ọkọ mi, ibẹ̀ la máa ń lọ lọ́dọọdún, so ẹ jẹ́ kí n gbèjà wa. Mo rí i pé wọ́n ti fẹ́ máa yọ erékùṣù lórí ìwé yín, ẹ má yọ tiwa.

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí: ọjọ́ kìíní oṣù keje 2024 ni ìjì Beryl gba orí Carriacou kọjá, Union àti Mayreau náà ò bọ́. Ọ̀pọ̀ jù lọ ilé ni òrùlé ẹ̀ ṣí. Àwọn ọkọ̀ tó sá pamọ́ sínú igi ẹ̀gbà ní Tyrrel Bay, tí gbogbo èèyàn gbà pé kò sí ibi tó láàbò tó o, ìjì kó wọn jọ lé ara wọn bí ìdọ̀tí. Ilé ìyá ọkọ mi, ògiri nìkan ló kù. So ẹ má gbára lé ìwé atọ́nà tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, ilé oúnjẹ tí ẹ kà nípa ẹ̀ lè má sí mọ́, ẹ bi àwọn tó wà níbẹ̀. Tí ẹ bá rí òrùlé tí wọ́n fi tapólì bò, ẹ má ya fọ́tò ẹ̀ bí ẹni rí ẹranko. Ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ wọn, ẹ sanwó fún ẹni tó máa gbé yín kiri, ìyẹn ló ń tún ilé kọ́.

Ẹ lọ sí Windward ní apá àríwá Carriacou. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi igi kan ọkọ̀ onígbòkun létí omi láìsí ilé iṣẹ́, ojú àti ọwọ́ ni, bàbá ló ń kọ́ ọmọ. Lọ́dún 2023 UNESCO fi iṣẹ́ yìí sínú ìwé àwọn àṣà tí ó yẹ kí ayé dáàbò bò, ti Carriacou àti Petite Martinique pa pọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ti ọkọ̀ tuntun sómi, wọ́n á pa ẹran, wọ́n á da ọtí sílẹ̀, gbogbo ìlú á fi okùn fà á. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo ní ṣé kì í ṣe ilé wa nìyí. Lóṣù kẹjọ ni eré ìje àwọn ọkọ̀ náà, ẹ ò ní bá a, àmọ́ ẹ ó rí àwọn ọkọ̀ náà. Ẹ lo ọ̀sán kan ní Sandy Island, ìyẹn yanrìn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín omi, ẹ fi bọ́ì ìjọba so ọkọ̀, ẹ má ju ìdákọ̀ró lé iyùn.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:
Àǹtí, mo gbọ́ pé ìlù kan wà ní Carriacou tí wọ́n máa ń fi dárúkọ ẹ̀yà Áfíríkà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé Yorùbá wà níbẹ̀?

Ìyàwó Ará Carriacou:
Big Drum nìyẹn. Wọ́n máa ń lù ú níbi ìrántí òkú, níbi ọkọ̀ tuntun, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ìlù tiẹ̀, Cromanti ló ń ṣáájú, Igbo ń bẹ, Manding ń bẹ, Kongo ń bẹ. Nínú àwọn tí mo gbọ́ kò sí Yorùbá, inú mi bàjẹ́ díẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìyá ọkọ mi sì fi mí ṣẹ̀rín, ó ní àwọn èèyàn mi pẹ́ kí wọ́n tó dé. Òótọ́ ló sọ. Àwọn tiwa, Grenada gan-an ni wọ́n wà: lẹ́yìn tí wọ́n ti fòfin de òwò ẹrú, àwọn ọmọ ogun ojú omi Bìrìtìkó ń gba àwọn èèyàn sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, wọ́n kó àwọn kan wá ṣiṣẹ́ oko ní Grenada, ní nǹkan bí 1849 ni ọ̀pọ̀ Yorùbá dé, Ìjẹ̀ṣà sì pọ̀ nínú wọn. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ará ilé yín nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí Ṣàngó fi wà ní Grenada di òní. Tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń wa takisí pé kó mú yín lọ wò ó, kì í ṣe eré ìwòran. Tí ẹ bá mọ ẹni tó mọ wọn, ìyẹn ọ̀tọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:
Ọ̀ṣọmàáló dé Grenada! Ó dájú pé a ti ń gba gbèsè níbẹ̀ 😂 Àmọ́ ẹ ṣeun àǹtí, n ò mọ̀ rárá.

Atukọ̀ Hackney:
Ọ̀rọ̀ ìwé wá kù. Orílẹ̀-èdè méjì lẹ máa gbà kọjá, St Vincent and the Grenadines àti Grenada. Ẹ ó gba ìwé ìjáde ní Clifton ní Union, ẹ ó gba ìwé ìwọlé ní Carriacou, Hillsborough tàbí Tyrrel Bay, ẹ bèèrè ọ́fíìsì tó ń ṣiṣẹ́ kí ẹ tó lọ. Kí wọ́n tó tẹ páspọ́ọ̀tù yín, àsíá yẹ́lò ló máa wà lókè ọkọ̀, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ àfi kápútéènì pẹ̀lú ìwé gbogbo yín. Ẹ lè fi orúkọ sílẹ̀ láti ilé lórí SailClear, ìkànnì tí wọ́n fi ń kọ ìwé ọkọ̀ ránṣẹ́ sí kọ́sítọ́ọ̀mù, ó máa ń dín ìwé kíkọ kù. Lópin ọ̀sẹ̀ àti lẹ́yìn àkókò iṣẹ́ owó wọn máa ń lé. Ẹni tó bá ń lo páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà nínú yín, kó béèrè ọ̀rọ̀ físà orílẹ̀-èdè méjèèjì lọ́wọ́ wọn tààrà, kó má gba ti ẹnikẹ́ni gbọ́ níbí, títí kan èmi. Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: Petit St Vincent, ti St Vincent ni. Petite Martinique tó wà níwájú ẹ̀ gan-an, ti Grenada ni. Ẹ ò lè kàn fi díńgì sọdá lọ ra ọtí.

Ọ̀gá ọlọ́jọ́ìbí tó kọ́ ọkọ̀ ní UK, ẹ sọ fún un kó gbàgbé ohun tó kọ́ nípa bọ́ì aláwọ̀ tó ń tọ́ka ọ̀nà fún ọkọ̀. Níbí, tí a bá ń wọ èbúté, pupa wà lósì. Ní Caribbean, pupa wà lọ́tùn-ún. Ó mọ̀ ọ́n lórí ìwé, mo dájú, àmọ́ ọwọ́ máa ń gbàgbé.

Láàárín Carriacou àti Grenada, òkè ayọnáyèéfín kan wà lábẹ́ omi, Kick 'em Jenny lorúkọ ẹ̀. 1939 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i tó bú. Wọ́n ní kí ọkọ̀ má súnmọ́ ọn tó kìlómítà 1.5, tó bá sì ń mí gúlegúle wọ́n á sọ ọ́ di 5. Ẹ béèrè bó ṣe wà lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kọjá, ẹ sá fún un, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo èèyàn ń kọjá ibẹ̀. Tí ẹ bá rí ìkùukùu dúdú tó tò bí ògiri láti ìlà oòrùn, ẹ má dúró wò ó, ẹ ká ìgbòkun kù nígbà náà gan-an. Tí ẹ bá ń bi ara yín pé ṣé ó ti yẹ ká ká a, ó ti yẹ.

Alásè Peckham:
Ẹ̀yin ọkùnrin ẹ ti sọ̀rọ̀ irin tó, oúnjẹ ńkọ́? Àǹtí, ọjà Kingstown ní St Vincent ni kí ẹ ti ra gbogbo ẹ̀ kí ẹ tó ṣí ọkọ̀, torí bí ẹ bá ṣe ń lọ sí gúúsù ni nǹkan ń wọ́n tó sì ń kéré, Tobago Cays ò ní ará ìlú kankan, kò sí ṣọ́ọ̀bù, kò sí ẹ̀rọ owó. Ẹ mú káàṣì dání, dọ́là East Caribbean ni wọ́n ń ná, 2.70 sí dọ́là Amẹ́ríkà kan. Ata wọn, ata rodo wa ni, ẹ má wulẹ̀ kó ata. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bẹ, kókò ń bẹ, iṣu ń bẹ, gbẹ̀rẹ̀fútù tí àwọn ará Ifẹ̀ ń jẹ kún ibẹ̀ bámúbámú, 1793 ni Captain Bligh kó o dé St Vincent láti Tahiti, wọ́n máa ń sun ún lódindi lórí iná títí èèpo á fi dúdú, ẹ fi ẹja díndín sí i. Gàárì láti ilé, ẹ kó o, kó wà nínú ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ pa, ẹ sọ ọ́ fún kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹran àti èso tútù ẹ má dán an wò. Ní Cays, àwọn ọmọkùnrin yẹn máa ń sun lọ́bísítà létíkun, oṣù karùn-ún sí ìkẹjọ nìkan ni òfin ò gbà á, so ẹ ti bọ́ sí i. Ẹ̀yin àlejò, òfin ò gbà kí ẹ fi ọ̀kọ̀ pa ẹja o.

Omi táǹkì tán ní ilé ọkọ̀ ni òpin ayọ̀. Ẹ wẹ̀ nínú òkun, ẹ fi ife omi kan ṣan ara. Ẹ dirun yín kí ẹ tó lọ, èyí tí ẹ lè fọ̀ láìtú.

Ìyàwó Ará Carriacou:
Mo gbàgbé nǹkan kan! Aṣọ àwọ̀ sójà, ì báà ṣe fìlà, ì báà ṣe báàgì, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ ní St Vincent àti Grenada méjèèjì, òfin ni, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀.

Ìyá Ìbejì Leeds:
Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún ọkọ mi lálẹ́ àná, ó jókòó jẹ́ẹ́, ó wá ní "ta ni Atukọ̀ Hackney yìí, mo fẹ́ ra ọtí fún un."

Bí a ṣe tò ó nìyí. A máa já ọkọ̀ sílẹ̀ ní Grenada, a ti gbà láti san owó yẹn, tọkọtaya kọ̀ọ̀kan á dá. Kátámaràn ni, ẹ má bínú ẹ̀gbọ́n. St Vincent ọjọ́ kìíní, ọjà láàárọ̀, ká dé Bequia lọ́sàn-án, ká sùn níbẹ̀ lálẹ́ méjì torí ọjọ́ kejì ni ọjọ́ìbí gan-an. Ọjọ́ kẹta Tobago Cays, a ò ní dúró ní Canouan, alẹ́ méjì níbẹ̀ ká lè rí àwọn àwùn omi ibẹ̀ dáadáa, ká sì gun òkè Mayreau lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta tó wà níbẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún Union, ìwé ìjáde láàárọ̀, ká sọdá sí Carriacou. Ọjọ́ kẹfà Windward pẹ̀lú àǹtí wa Ìyàwó Ará Carriacou (mo ti kọ̀wé sí yín ní ìkọ̀kọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wò ó). Ọjọ́ keje Grenada. Mustique, Canouan, Petit St Vincent, ó dìgbà tí ó bá pé 60.

Ẹ̀gbọ́n Atukọ̀, ọjọ́ karùn-ún yẹn bọ́ sí Sunday, ṣé kò ní ba nǹkan jẹ́?

Atukọ̀ Hackney:
Kò ní bà á jẹ́, owó ẹ̀ ló máa lé. Tí ẹ bá lè fi ọjọ́ kan sún ètò yín síwájú kó bọ́ sí Monday, ẹ sún un. Tí kò bá ṣeé sún, ẹ pe ọ́fíìsì ní Clifton lọ́jọ́ Friday kí ẹ gbọ́ wákàtí tí wọ́n máa ṣí.

Bàbá Káyọ̀dé:
Ọlọ́jọ́ìbí ò ní ṣòkòtò sójà ṣá?

Ìyá Ìbejì Leeds:
Mẹ́ta ló ní. Màámi ti ń fi ọ̀kan nulẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.